Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bẹ Ọlọ́run?

Awakọ̀ kan ló kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Ẹni ọdún 53 ni, Ìwó Road ló ti ń gbé èrò, ó sì pe ara rẹ̀ ní Bàbá Ìbejì. Ó ti tó ọdún 6 tí dókítà ti sọ fún un pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó lo oògùn díẹ̀, ara rẹ̀ yá, ló bá pa á tì. Ọtí ń lọ, míńírà ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kó yé dá òun lágara. Lọ́jọ́ kan ó wa mọ́tò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò mọ̀ pé ìṣó ti wọnú bàtà òun. Ìgbà tó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ nílé ló tó rí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òsì náà lábẹ́ orúnkún. Ó ní: "Àǹtí mi, wọ́n ń wá gbàdúrà fún mi láti ṣọ́ọ̀ṣì, n kò lè ṣe àmín. Àfọwọ́fà ni tèmi. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bẹ Ọlọ́run?"

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnira. N kò ní sọ fún yín pé ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ jẹ̀bi. Bí mo bá purọ́ tù yín nínú, ẹ ò ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ mi gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó jàre kì í tọrọ àánú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń béèrè. Bí kò bá sí ẹlẹ́bi, kí la fẹ́ fi àánú ṣe? Ẹnu ẹlẹ́bi tó ń tì yín lójú yẹn gan-an ni wọ́n fi ń bẹ Ọlọ́run.

Ẹ ṣí Sáàmù 107. Àwọn tó ṣìnà nínú aginjù wà níbẹ̀, àwọn tí ìjì bá lójú òkun wà níbẹ̀. Àárín wọn ni ẹ ó ti rí àwọn tí ìwà òmùgọ̀ ara wọn sọ di aláìsàn, tí wọn ò lè fojú kan oúnjẹ mọ́, tí wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà ikú. Wọ́n ké pe Olúwa, ó sì wò wọ́n sàn. Kò ya àwọn àfọwọ́fà sọ́tọ̀. Ẹ ní Mùsùlùmí ni ìyàwó yín. Ẹ ní kó ka ẹsẹ 53 nínú Súrà Az-Zumar fún yín. Àwọn tó ṣe àṣejù sí ẹ̀mí ara wọn ni Ọlọ́hun ń bá wí níbẹ̀ pé kí wọ́n má sọ̀rètí nù nínú àánú òun. Sí ẹ̀mí ara wọn! Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ ṣe nìyẹn?

Èmi náà ti fi owó àjọ ṣe òwò tí ọkọ mi ní n má ṣe. Owó náà wọmi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń kúnlẹ̀ lóru tí ọ̀rọ̀ ò jáde. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo kàn ní, "Ọlọ́run, èmi ni mo ṣe é." Mo sunkún títí mo fi sùn. Ilẹ̀ mọ́, gbèsè ṣì wà níbẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi san án. Ṣùgbọ́n n kò dá a san mọ́.

Ẹsẹ̀ tó lọ ti lọ. Ọ̀tún ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún báyìí. Ṣúgà ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kú tí ẹ ò fi mọ ìgbà tí ìṣó wọ̀ ọ́, ọ̀tún náà sì lè ti máa kú lọ. Lálálẹ́, kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì tan tọ́ọ̀ṣì sí àtẹ́lẹsẹ̀ yín àti àárín ọmọ ìka. Ẹ má kì í bọ omi gbígbóná, ẹ má fi rìn láìwọ bàtà, nínú ilé pàápàá. Bí ara bá yá, oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má tún pa á tì. Ẹni tó fẹ́ bá yín ra àgbo ní Bódè kí ẹ lè fi oògùn sílẹ̀, ẹ dá a lóhùn pé rárá.

Ẹ kọ̀wé pé bí ìyàwó yín bá ń tú báńdéèjì, ẹ máa ń kọjú sí ògiri. Lálẹ́ òní, ẹ kọjú sí i. Ẹ ní, "Mo jẹ̀bi rẹ, má bínú." Tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá sì dé, ẹ ṣe àmín.