Ibo ni kí n da ọ́ìlì sí nínú Yamaha RX100?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Bàbá mi fi alùpùpù Yamaha RX100 sílẹ̀ fún mi. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo fẹsẹ̀ ta á, ó jí, àmọ́ èéfín rẹ̀ pọ̀. Mẹkáníìkì kan ní Pansẹ́kẹ̀ ní kí n po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù. Òmíràn ní Lafenwa ní kí n da ọ́ìlì sísàlẹ̀ bíi ti Boxer, kí n fi epo lásán sí táǹkì. Ta ni kí n gbọ́?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ti Pansẹ́kẹ̀ ni kí o gbọ́. Jọ̀ọ́, má fi epo lásán gùn ún dé ìta pàápàá.

Boxer ní ilé ọ́ìlì nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń yí po títí o fi máa pààrọ̀ rẹ̀. RX100 kò rí bẹ́ẹ̀, two-stroke ni. Ihò ni wọ́n dá sára sílíńdà rẹ̀, písítìnnì fúnra rẹ̀ ló ń ṣí wọn tó sì ń dí wọn bó ṣe ń lọ sókè sódò. Epo àti afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ gba ìdí kránkì, irin tó ń yí nísàlẹ̀ písítìnnì, kọjá kí wọ́n tó gòkè lọ jóná. Ọ́ìlì kò lè dúró síbi tí epo ń gbà, ó ní láti bá epo rìn, kó máa ra kránkì, bẹ́árìn àti písítìnnì lára, kó sì bá epo jóná. Ọ́ìlì tí wọ́n ń dà sísàlẹ̀, ti gíá àti kilọ́ọ̀ṣì ni. Kì í dé ọ̀dọ̀ písítìnnì.

Gbogbo ìgbà tí kránkì bá yí lẹ́ẹ̀kan ni iná ń ṣẹ́ nínú rẹ̀. Ti Boxer, kránkì ní láti yí lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì 98cc fi ń mú agbára ẹṣin 11 jáde, tó sì ń gun òkè Abẹ́òkúta wa láìmí gúlegúle.

Yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò bóyá táǹkì ọ́ìlì kékeré wà níbẹ̀. Láti 1964 ni Yamaha ti ní pọ́ǹpù tí wọ́n ń pè ní Autolube, tó ń fa ọ́ìlì sínú epo fúnra rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ wà, má gbẹ́kẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Po ọ́ìlì sí táǹkì títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Da epo àtijọ́ nù, fọ kábúrétọ̀. Fún lítà 5 epo, fi mílílítà 125 sí 200 ọ́ìlì two-stroke sí i, sírínjì ni kí o fi wọ̀n ọ́n. Má fojú díwọ̀n bí a ṣe ń ṣe fún jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour".

Èéfín díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ọ́ìlì tó jóná ni. Àmọ́ bí èéfín funfun bá ń rú láìdáwọ́ dúró, tí ọ́ìlì gíá sì ń dínkù, ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì, ní ẹ̀gbẹ́ kilọ́ọ̀ṣì ló ti gbó.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ gé sàlẹ́ńsà rẹ̀ kó lè pariwo, má gbà. Ìgbì èéfín tó bá kọlu inú sàlẹ́ńsà máa ń padà wá ti epo tútù tó fẹ́ sá jáde padà sínú sílíńdà. Ẹnjiníà Walter Kaaden ló fi ọgbọ́n yìí sọ MZ, ilé-iṣẹ́ alùpùpù ti Ìlà-Oòrùn Jámánì, di ẹni àmúyangàn nínú eré ìje. Nígbà tí awakọ̀ wọn, Ernst Degner, sá lọ bá Suzuki ní 1961, ọgbọ́n náà bá a dé Japan. Ohun táwọn ènìyàn ṣe làálàá bẹ́ẹ̀ láti mọ̀, ayùn kò yẹ ẹ́.

Ibi tí mo ti rí i tí wọ́n ń bà á jẹ́ jù lọ nílùú yìí ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Ìlewó, tí o pa ọwọ́ iná dé pátápátá, kránkì ń sáré, epo ò wọlé, ọ́ìlì náà ò sì wọlé. Òùngbẹ ọ́ìlì á gbẹ písítìnnì, á gan mọ́ sílíńdà. Fa kilọ́ọ̀ṣì, fi bíréèkì mú un, tàbí kí o máa ṣí ọwọ́ iná díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe ń sọ̀. Bíréèkì RX100 kò tóbi, nítorí náà pààrọ̀ ṣúù iwájú àti ẹ̀yìn kí o tó gbé e jáde.