Kí orin sáré, kí ara rọra: fídíò orin lórí fíìmù ní Ọ̀yọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ ya fídíò orin mi lórí fíìmù gidi, èyí tó fẹ̀ ní 16mm, ní Ọ̀yọ́ níbí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fín igbá, pẹ̀lú àwọn onídùndún. Ìṣẹ́jú 3 àtààbọ̀ ni orin náà. Mo fẹ́ kí ara mi máa falẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń lá àlá, síbẹ̀ kí ẹnu mi bá orin mu. Róòlù kan ṣoṣo ni agbára mi ká. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, àbúrò mi. Orin ni wàá mú sáré. Àwòrán 24 ni kámẹ́rà máa ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1. Ẹ sún un sí 36. Kí o wá fi kọ̀ǹpútà mú orin náà yára ní ìlọ́po kan àtààbọ̀, yóò di ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 20. Èyí ni kí sípíkà máa gbé jáde tí wàá máa fẹnu bá lọ. Tí wọ́n bá wá ń fi àwòrán náà hàn ní 24, tí orin sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ á bọ́ sórí orin gan-an, ṣùgbọ́n etí agbádá rẹ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́, eruku á máa rọra gbéra lẹ́sẹ̀ rẹ.

Ó le lẹ́nu o. Fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ níwájú dígí. Kí àwọn onílù náà kọ́ ọ, torí ọmọ Ọ̀yọ́ tó bá rí i pé kọ̀ǹgọ́ ń ṣe ọ̀tọ̀, tí ìlù ń sọ ọ̀tọ̀, á ti mọ̀ kó tó wo ẹnu rẹ rárá. Fi agogo kọ́n-kọ́n-kọ́n ṣíwájú orin, kí gbogbo yín lè jọ gbéra.

Róòlù ẹsẹ̀ bàtà 400 ń gba àwòrán 16,000. Orin rẹ látòkè délẹ̀ á jẹ 5,040, ìbáà ṣe 24 ìbáà ṣe 36, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló lè gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni kí o ya odindi. Fi ìyókù ya díẹ̀díẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 10 fún ṣóńṣó ọ̀bẹ tó ń họ èèpo igbá, tí funfun abẹ́ rẹ̀ ń yọ, sàn ju kí o tún orin kọ lẹ́ẹ̀kejì.

Kámẹ́rà tó ń lo bátìrì, tí eré rẹ̀ kì í yí padà, ni kí o yá. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ wáyìn ò lè bá orin dọ́gba.

Ní 36, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dín ní ìdá 1 nínú 3, ẹ fi èyí ṣírò. Ojú rẹ ni kí ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ sí, kì í ṣe agbádá funfun. Fíìmù á fara da ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀. Òkùnkùn ló ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò tí fíìmù ń gbà kọjá lẹ́yìn gbogbo ìyàwòrán. Fọ́nrán ìdọ̀tí kan há síbẹ̀ lọ́wọ́ mi rí, ó rọ̀ sójú àwòrán látìbẹ̀rẹ̀ ijó dópin, mo sì ní láti gé ijó náà sọnù. Ó ṣì ń dùn mí.

Má fi róòlù sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án. Bí o bá ń gbé e lọ fọ̀ lókè òkun, ọwọ́ ni kí o fi gbé e, má kó o sínú ẹrù ìsàlẹ̀ bàálù; ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù yẹn wò ń bà á jẹ́. Bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n má sì ṣí agolo rẹ̀.