Nígbà tí dókítà bá ní kí ẹ máa gbé wọn lọ sílé

Ẹ̀yin arábìnrin tó béèrè, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka ọ̀rọ̀ yín pé jẹjẹrẹ ọyàn màmá yín ti ràn dé egungun, pé dókítà ní kò sí iṣẹ́ abẹ mọ́, kí ẹ máa gbé wọn lọ sílé. Ẹ ní kí ni nọ́ọ̀sì tún fẹ́ wá ṣe fún ẹni tí dókítà ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ṣé kí ẹ gba mọfíìnì, oògùn ìrora líle tí wọ́n kọ, ṣé kí màmá sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Àìsàn yìí kan náà ló mú màmá tèmi lọ, n'Íbàdàn. Ibi tí dókítà parí iṣẹ́ sí yẹn gan-an ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti òórùn, torí mo mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ jáde. Egbò ọyàn màmá mi ti là, ó ń ṣomi, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo yàrá. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń wá kí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí pálọ̀. Màmá mi, obìnrin tí kì í jáde láìfi lọ́fínńdà sára, wá ń ní ká má jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ wọlé mọ́. Ní wọ́ọ̀dù tí a ti gbé wọn wálé, ẹni tó ń tọ́jú egbò á kàn fa báńdéèjì tó ti gbẹ mọ́ ọn ya, á fimú pọ̀, á sì yára jáde. Màmá á sunkún títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nọ́ọ̀sì tó wá bá wa nílé, ọmọbìnrin kan tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ, kúnlẹ̀ kí wọn, ó fa àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó. Ó ní, "Màmá, nínú gbogbo ẹ̀, èwo ló ń ni yín lára jù?" Èmi rò pé wọ́n á ní ìrora ni. Wọ́n ní, "Òórùn yìí ni, ọmọ mi."

Ó ní ká bá òun se omi, ó fi iyọ̀ sí i, ó jẹ́ kó tutù. Ó ń ta omi náà sórí báńdéèjì díẹ̀díẹ̀, ó ń bá màmá sọ̀rọ̀ ọjà Dùgbẹ̀ ayé àtijọ́, títí báńdéèjì fi tú fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. Ó fọ ojú egbò náà, ó lọ Flagyl kúnná, ó bù ú wọ́n ọn, ó fi gọ́ọ̀sì mímọ́ bò ó. Àwọn kòkòrò tó ń gbé inú egbò níbi tí atẹ́gùn ò dé ló ń fa òórùn náà, àwọn ni oògùn yẹn ń pa. Ó tún ní ká da èédú sínú tíréè, ká tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò pẹ́ rárá tí òórùn náà fi lọ sílẹ̀, tí àwọn ọmọ-ọmọ tún ń gun orí bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì rí egbò ti màmá yín kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i.)

Ní ti mọfíìnì, ẹ gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yarí kanlẹ̀, ó ní oògùn olóró ni, pé wọ́n fẹ́ fi pa ìyá wa ni. Nọ́ọ̀sì ò bá a jà. Ó ní kó jókòó ti màmá lóru ọjọ́ kan ṣoṣo kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ké. Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló lọ gba oògùn náà. Olómi ni wọ́n fún wa, ó korò. Bí wọ́n bá fi kékeré bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń wo bí ìrora ṣe rí kí wọ́n tó fi kún un, kì í pa aláìsàn. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ké. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti là á sílẹ̀ láti ọdún 1986 pé aago ni kí a fi máa fún aláìsàn jẹjẹrẹ ní oògùn ìrora. Nọ́ọ̀sì wa ya gbogbo àkókò oògùn sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹni tó bá fún wọn á fàmì sí i.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹni tó kọ oògùn lè gbàgbé láti sọ fún yín. Mọfíìnì máa ń dí ìgbẹ́, torí náà ẹ gba oògùn tí yóò mú ìgbẹ́ rọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Èébì àti oorun lè wà níbẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá ń jí wọn tí wọn ò jí, tàbí tí mímí wọn bá ń lọ́ra jù, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé kí màmá mọ̀ tàbí kí wọ́n má mọ̀ ló fa ìjà jù nílé wa. A ti mulẹ̀ pé a ò ní sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá mi bi nọ́ọ̀sì lójú mi pé, "Ṣé mò ń lọ ni?" Ó di ọwọ́ wọn mú, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Màmá, kí lẹ̀yin fúnra yín ń rò sí i?" Màmá mi ní àwọn ti mọ̀ látìgbà tí àwọn ò lè dìde mọ́, pé àwa ọmọ làwọn ń ṣàánú. Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ ni, àìsàn yìí ò ní lọ, ṣùgbọ́n òun ò ní jẹ́ kí wọ́n jẹ̀rora, òun ò sì ní sá fún wọn.

Ṣé ẹ mọ ohun tí màmá mi sọ tẹ̀ lé e? Àjọ. Ọwọ́ wọn ni owó àjọ àwọn obìnrin ọjà wà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú wa. Wọ́n pè wá, wọ́n ń ka orúkọ, mò ń kọ. Wọ́n dá owó oníkálukú padà kí wọ́n tó kú. Wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò wọn obìnrin tí wọ́n ti ń yan odì láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, ìyẹn náà wá, wọ́n jọ sunkún. Ká ní a mú un mọ́ra ni, kò sí ọ̀kankan nínú ẹ̀ tí ì bá ṣeé ṣe. Ẹ má lọ já a lu màmá yín o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá béèrè, ẹ má purọ́ fún wọn.

Cicely Saunders tó dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní London lọ́dún 1967, nọ́ọ̀sì ni kó tó di dókítà. Òun ló kọ́ àwọn oníṣègùn pé ìrora ẹni tó ń kú lọ kì í ṣe ti ara nìkan, ọkàn, ẹbí àti ìgbàgbọ́ náà wà níbẹ̀. Mo gbà á gbọ́ torí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àjọ yẹn, oorun màmá mi dára sí i, bẹ́ẹ̀ a ò fi nǹkan kan kún oògùn wọn.

Nígbà tó kù díẹ̀, nọ́ọ̀sì pe gbogbo wa sí pálọ̀, ó sọ ohun tí a máa rí fún wa: wọn ò ní fẹ́ jẹun mọ́, ẹsẹ̀ wọn á tutù, èémí wọn á máa dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní ká má fi ògì há wọn lọ́fun, ebi kọ́ ló ń pa wọ́n, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ká máa fi gọ́ọ̀sì tútù nu ẹnu wọn, ká fi òrí pa ètè wọn. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo ẹ̀ dé lóòótọ́, a ò gbé wọn sáré kiri ìgboro lóru. Orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni wọ́n wà, àwa ọmọ sì yí wọn ká.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá ilé ìwòsàn wọn ní ẹ̀ka palliative care, ìyẹn ìtọ́jú tó ń mú ara tu ẹni tí àìsàn rẹ̀ ò ní lọ. Ó wà ní UCH Ìbàdàn, ó wà ní LUTH l'Ékòó. Bí nọ́ọ̀sì bá wá, ẹ wo bóyá ó bá màmá fúnra wọn sọ̀rọ̀ àbí orí wọn ló ń sọ ọ́ gbà. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tí ẹ lè pè lóru. Ẹ ní ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń ṣọ́ wọn látìgbà tí ẹ ti dé sílé. Ẹ pe àbúrò yín kó wá gba alẹ́ ọjọ́ Sátidé lọ́wọ́ yín, kí ẹ lè sùn.