Ẹ má sanwó fún ẹni yẹn: ọ̀rọ̀ ìwé ìbí fún ìgbéyàwó ní Jámánì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó, Ọlọ́run á jẹ́ kó yọrí sí ayọ̀. Ẹ ní Standesamt, ọ́fíìsì ìjọba tó ń so ìgbéyàwó ní Jámánì, ní ìlú tí ẹ wà ń béèrè ìwé ìbí, pé Ìwó ni wọ́n bí yín sí ní 1983, ẹ ò ní ìwé kankan lọ́wọ́, àbúrò yín sì ti rí ẹnì kan tó máa bá yín ṣe sátífíkéètì ìbí kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ wá béèrè bóyá kí ẹ fowó ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé owó ti dé ọwọ́ àbúrò yín, ẹ pè é nísinsìnyí kó má tíì kó o fún ẹnikẹ́ni.

Ojú mi rí tó lórí ọ̀rọ̀ yìí. 1988 ni wọ́n bí mi n'Ìbàdàn, nílé agbẹ̀bí. Bàbá mi kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn Bíbélì, kò sì sẹ́ni tó tún bi wá léèrè títí mo fi fẹ́ gbéyàwó níbí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílé ló ń bá mi sáré kiri. Ó dé ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ó padà lọ, wọ́n ní ọ̀gá ti lọ sípàdé. Ó tún lọ, ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ń jẹun, kò tiẹ̀ gbójú sókè wò ó, ó ní kó lọ ronú ohun tó máa fi ki àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi, àgbàlagbà tó ti lọ́mọ ní yunifásítì! Ó dùn mí títí dòní. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ náà ni alárinà ti pàdé rẹ̀, tó ní òun mọ gbogbo wọn nínú lọ́hùn-ún, kó fọkàn balẹ̀.

Ó gbowó, ó sì mú ìwé wá lóòótọ́. Ìwé náà mọ́, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún 1988 ni wọ́n forúkọ mi sílẹ̀, kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n bí mi. Ìgbà tí mo ń kà á lórí fóònù ni mo rí i tí wọ́n tẹ orúkọ òfin sórí ìwé kan náà: Òfin Nọ́ńbà 69 ti ọdún 1992. Òfin 1992 ni wọ́n fi forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní 1988! Mi ò jẹ́ kí ìwé yẹn dé ọwọ́ aláwọ̀ funfun kankan. Owó ti lọ ná, alárinà kò sì gbé fóònù ẹ̀gbọ́n mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀fìn tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ dè yín náà nìyẹn. Láti 1863 ni ìforúkọsílẹ̀ ìbí ti bẹ̀rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, àmọ́ òfin 1992 yẹn ló gbé iṣẹ́ náà lé NPC, Àjọ Ètò Ìkànìyàn, lọ́wọ́ jákèjádò Nàìjíríà. Tí káńsù bá forúkọ yín sílẹ̀ lóòótọ́ ní 1983, ẹ wá ìwé yẹn jáde. Tí wọn ò bá forúkọ yín sílẹ̀, kò sí sátífíkéètì ìbí tí ẹnikẹ́ni lè bá yín ṣe tí kò ní jẹ́ ayédèrú. Ìwé ìjẹ́rìí ìbí ló tọ́ sí yín, èyí tí wọ́n ń pè ní attestation ní NPC. Ọjọ́ òde òní ló máa wà lórí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín láyà, kí ẹ wá máa wá ìwé tó ti gbó.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé Jámánì kì í gba ìwé Nàìjíríà bẹ́ẹ̀ lásán. Orílẹ̀-èdè wa kò sí nínú àdéhùn Apostille, èyí tó ń jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè máa gba ìwé ara wọn pẹ̀lú òǹtẹ̀ kan ṣoṣo, àwọn aṣojú Jámánì nílé sì ti dáwọ́ fífi òǹtẹ̀ ìfọwọ́sí lu ìwé wa dúró. Agbẹjọ́rò ni wọ́n máa ń rán lọ wádìí, ẹ̀yin lẹ máa sanwó rẹ̀, Yúrò gidi ni. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé irú sátífíkéètì tí mo sọ yẹn sílẹ̀ ní tirẹ̀. Agbẹjọ́rò lọ, kò bá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kankan. Owó ìwádìí wọgbó, ìgbéyàwó dúró, ìyàwó bímọ kí ọ̀rọ̀ tó yanjú, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìbí ọmọ náà pé bàbá kò tíì fi ẹ̀rí hàn irú ẹni tó jẹ́. Ọmọ tuntun! Mo rí ìwé yẹn, ẹkún ni ìyá ọmọ ń sun.

Ní tèmi, agbẹjọ́rò tó lọ sí àdúgbò wa béèrè Samuel, orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi, lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ìyá ní kò sí Samuel kankan níbẹ̀. Àjàní ni wọ́n mọ̀ mí sí láti kékeré! Ọpẹ́lọpẹ́ Màmá mi tó jáde síta, tó mú Bíbélì Bàbá dání. Nítorí náà, ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé ẹnì kan lè wá, kí wọ́n mọ orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín. Ẹ má kọ́ wọn ní irọ́ kankan o. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n sì wá káàdì ìsàmì tàbí ìwé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín sílẹ̀.

Ìwé ìbúra pé ẹ kò tíì gbéyàwó kò le, kóòtù ni, kíá ni wọ́n máa ṣe é. Ní ti NIN, ẹ kàn wò ó bóyá ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu kí ẹ tó lọ gba ìwé ìjẹ́rìí, torí láti 2025, náírà 28,574 ni wọ́n ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí ṣe.

Ó máa pẹ́ díẹ̀, wọ́n á sì bí àbúrò yín nínú, àmọ́ ó ṣeé ṣe. Èmi àti ìyàwó mi ti jọ wà báyìí. Kí àbúrò yín lọ sí NPC fúnra rẹ̀, kó béèrè rìsíìtì fún gbogbo owó tó bá san, kó má sì bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà níta. Tí ìwé bá jáde, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi wé pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo orúkọ Màmá dáadáa, torí orúkọ ìdílé wọn kí wọ́n tó relé ọkọ ni wọ́n sábà máa ń ṣì tẹ̀.