Kí ló dé tí wọ́n fi ń ní kí ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ kọ ẹ̀yìn sí iwájú nínú bọ́ọ̀sì?

Ààbò ni, kì í ṣe ìwọ̀sí. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀ inú wọn rẹlẹ̀, pátákó kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bò wà ní àyè àga oníkẹ̀kẹ́. Ẹ fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn àga yín á fi kan pátákó náà pinpin, kí ẹ wá fa bíréèkì àga méjèèjì. Bó bá jẹ́ oníná, ẹ pa á. Bí awakọ̀ bá ṣàdédé tẹ bíréèkì, pátákó yẹn ló máa gbà yín dúró. Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ sí iwájú rárá o, torí àga lè dojú dé bí ọkọ̀ bá já kọ́nà.

Bọ́ọ̀sì mìíràn ní okùn mẹ́rin tí wọ́n fi ń de àga mọ́lẹ̀. Nínú irú èyí, ẹ lè kọjú síwájú. Àmọ́ egungun irin àga gan-an ni kí wọ́n fi okùn kọ́, kì í ṣe táyà tàbí ibi tí ẹ ń gbé apá lé.

Ti rélùwéè yàtọ̀. Kì í sábà dúró lójijì bíi bọ́ọ̀sì. Àlàfo tó wà láàárín pèpéle àti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ló léwu jù, táyà kékeré iwájú lè há síbẹ̀. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ gbé pátákó tí àga máa gbà kọjá wá tẹ́ sórí àlàfo náà kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Ẹ̀tọ́ yín ni: Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá dárúkọ ètò ìrìnnà ní pàtó.