Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọ̀rọ̀ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń fi ọwọ́ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà fi fídíò ìdíje bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ wọn ránṣẹ́ sí mi, irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń dé àṣíborí gbá, tí wọ́n sì ń fọwọ́ gbé sáré. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí wọ́n ń fọwọ́ kan orí, tí wọ́n ń gbá àyà, tí ẹnì kan lára wọn ń yí apá bí ẹni tó ń lọ ata. Ẹlòmíràn tún gbé pátákó ńlá sókè, àwòrán ẹranko àti ti ọkọ̀ ló wà lára rẹ̀. Kí ni wọ́n ń sọ, ta ni wọ́n sì ń sọ ọ́ fún? Ṣé àwọn alátakò wọn kò lè kà á ni? — Bàbá Ìbejì, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Àṣẹ ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ń pa, àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá tó wà nínú pápá ni wọ́n sì ń pa á fún. Bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà kì í ṣàn lọ bíi tiwa. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbá a. Bí wọ́n bá ti gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ṣubú, eré dúró, aago sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Láti ọdún 2008, òfin ìdíje àwọn yunifásítì fún ikọ̀ tó ní bọ́ọ̀lù ní 40 ìṣẹ́jú-àáyá kí wọ́n fi tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín àkókò yìí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò yan ìgbésẹ̀ kan nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí wọ́n ti dán wò ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tí yóò fi tó àwọn ọmọ rẹ̀ létí, tí oníkálukú wọn yóò sì ti dé ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ariwo ẹnu ṣe èyí, nítorí pé pápá ìṣeré yunifásítì Michigan nìkan ń gba èèyàn tó lé ní 100,000, àwọn òǹwòran náà sì mọ̀ pé ariwo àwọn ń dí àlejò lọ́wọ́, nítorí náà wọn kì í dákẹ́.

Ẹni tó bá mọ àrokò kò ní rí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ yìí bí ohun àjèjì. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ohun tó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí ọ, nítorí pé ìró “fà” wà nínú mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ nípa jíjọ ni. Ẹni tó gbé owó ẹyọ náà lọ lè má mọ ohun tó gbé dání rárá. Bákan náà ni àwòrán ara pátákó tí ẹ rí. Orúkọ ẹranko kan, ìró tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, tàbí ìlú tí gbogbo ayé mọ ẹranko ọ̀hún mọ́, lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ sí orúkọ ìgbésẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé. Yunifásítì Oregon sọ irú pátákó yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nígbà tí Chip Kelly jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà wọn, láti ọdún 2009 sí 2012. Àwòrán mẹ́rin ló máa ń wà lójú pátákó kan. Ikọ̀ náà kì í dúró pagbo kí wọ́n tó tún gbá. Wọ́n fẹ́ kí ó rẹ alátakò kí ó tó rí ààyè mí, nítorí náà wọ́n nílò ọ̀rọ̀ tí ojú lè gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ti àwọn mẹ́ta tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn máa sọ òtítọ́. Ọgbọ́n tó wà nídìí iṣẹ́ náà nìyí, ó sì wù mí kí n fẹsẹ̀ balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹni tí wọn yóò máa wò: ó lè jẹ́ ẹni tó dé fìlà pupa, kí ó sì yí padà di ẹni tó dúró lápá òsì bí wọ́n bá ti isinmi dé. Àwọn tó kù ń fi ọwọ́ tan ọ̀tá jẹ ni. Kódà lára ẹni tí wọ́n ń wò gan-an, kì í ṣe gbogbo àmì ló ní ìtumọ̀. Wọ́n lè ti fi àdéhùn sí i pé àmì tó bá tẹ̀lé fífọwọ́ kan etí ni kí wọ́n mú, kí wọ́n da ìyókù nù. Àmì kan ń sọ bí wọn yóò ṣe tò, òmíràn ń sọ ẹni tí yóò gba bọ́ọ̀lù, òmíràn ń sọ apá tí wọn yóò gbà. Àwọn ikọ̀ mìíràn tún ń so ìwé pélébé tí a tẹ nọ́ńbà àti orúkọ ìgbésẹ̀ sí mọ́ ọrùn ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù, tó fi jẹ́ pé ìka tó ń ka nọ́ńbà nìkan ni a nílò láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Bí ẹ bá sì tún rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fi ìwé bo ẹnu, ó ń sá fún ẹni tó lè ka ètè rẹ̀ ni.

Ó yẹ kí n dárúkọ àwọn adití níbí, nítorí pé wọn kì í sábà rí ìyìn tó tọ́ sí wọn nínú ìtàn yìí. Yunifásítì Gallaudet, tó wà ní Washington, àwọn adití ló ń kàwé níbẹ̀. Èdè ọwọ́ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n bá sì pàdé ikọ̀ adití mìíràn, kò sí ohun tí alátakò kò ní rí. Paul Hubbard, agbábọ́ọ̀lù tó ń darí eré wọn nínú pápá ní ọdún 1894, ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n fara kora, kí wọ́n pagbo, kí ọwọ́ tó ń sọ̀rọ̀ lè fara pamọ́ sáàárín. Pípagbo ọ̀hún ló wá di àṣà gbogbo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn.

Ẹ béèrè bóyá alátakò kò lè kà á. Ó lè kà á, òfin kò sì dá a lẹ́bi bí ó bá jẹ́ pé ojú ara rẹ̀ ló fi kà á lọ́jọ́ ìdíje. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí a fi ẹ̀rọ gba àmì ẹlòmíràn sílẹ̀, àti kí a rán èèyàn lọ síbi ìdíje ikọ̀ tí a kò tíì bá pàdé láti lọ ṣọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ ní Michigan ní ọdún 2023, tí Big Ten, àjọ àwọn yunifásítì tí Michigan ń bá díje, fi ní kí Jim Harbaugh, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, má ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá fún ìdíje mẹ́ta. Síbẹ̀, ikọ̀ náà ló gba ife ẹ̀yẹ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2024. Ní oṣù Igbe ọdún kan náà ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn yunifásítì tó wà ní ìpele òkè máa fi rédíò sínú àṣíborí agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nínú pápá, èyí tí wọ́n fi àmì róbótó aláwọ̀ ewé sí lẹ́yìn kí rẹfirí lè dá a mọ̀. Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ jẹun ti ń lò ó láti ọdún 1994. Mo gbà pé ó pẹ́ kí àwọn yunifásítì tó ṣe é. Ṣùgbọ́n rédíò náà kò pa àmì ọwọ́ rẹ́, nítorí pé ó máa ń kú nígbà tí aago bá ku 15 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gbọ́ ọ. Àwọn mẹ́wàá yòókù ṣì ń wo ọwọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa yìí. Ohùn mi máa ń há kí ìdajì eré tó parí. Ṣé mo lè lo irú àmì bẹ́ẹ̀ láìrú òfin? — Kóòṣì kan, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ lè lò ó. Òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ gbà kí ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà máa pàṣẹ láti ààyè tí a là fún àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lára agbábọ́ọ̀lù ni kò gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má kó àmì jọ bíi tàwọn ará Amẹ́ríkà, nítorí pé eré tiwa kì í dúró kí ọmọ ráyè wò yín. Ẹ fi í mọ sí ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde, tí a bá fẹ́ gbá kọ́nà, tàbí tí ẹnì kan bá fara pa. Márùn-ún ti tó: kí wọ́n sún síwájú, kí wọ́n fà sẹ́yìn, kí àwọn apá méjèèjì pààrọ̀, kí wọ́n dín ìyára kù, kí balógun ikọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Kí ọjọ́ ìdíje tó pé, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan pápá, kí ọmọ tó ń gbá apá kejì dúró sí òdìkejì, kí ó sì sọ ohun tí ó rí. Àmì tí kò bá dá mọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jù ú nù. Ẹ fi apá gbogbo ṣe é, kì í ṣe ìka. Bí ọyẹ́ bá sì dé, tí eruku bo pápá, ẹ wá aṣọ pupa kan àti funfun kan mú dání.