Ẹ Bi Wá: Fàyàwọ́ Màlúù ní Íńdíà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ aláàbò ẹranko ní Íńdíà ń dá ọkọ̀ onífàyàwọ́ màlúù dúró lójú títì. Ṣé òfin fún wọn láyè? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń dá ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ ló lè dá ọkọ̀ dúró. Ẹgbẹ́ tó mọṣẹ́ á kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, aago tí wọ́n rí i àti ibi tó kọrí sí, wọ́n á sì pe 112. Àwọn tó ń gbé kùmọ̀ lé ọkọ̀ kiri ti pa ẹni tó ra màlúù lọ́nà ẹ̀tọ́ rí. Ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ pàṣẹ pé kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá ọlọ́pàá tí yóò máa dènà irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe ka irú wọn mọ́ aláàbò ẹranko.

Ní ti ọkọ̀, iye màlúù inú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ìlànà kíkó ẹran lọ́kọ̀ ti 1978 ní ọkọ̀ akẹ́rù kan kò gbọdọ̀ gbé ju mẹ́fà lọ. Ẹrù mìíràn kò gbọdọ̀ bá wọn wọkọ̀, olùtọ́jú kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú wọn, ilẹ̀ ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ẹní tàbí pákó tí kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn yọ̀. Láti 2016, ó tún di dandan kí wọ́n pààlà inú ọkọ̀: àyè màlúù kan kò gbọdọ̀ dín sí mítà 2 níbùú lóròó (square metre 2).

Ìdí rẹ̀ rèé. Bí wọ́n bá fún màlúù 20 mọ́ra, èyí tó ṣubú kò ní lè dìde mọ́. Àwọn yòókù á máa tẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ pẹ́, gáàsì inú rẹ̀ kò ní rọ́nà jáde, ikùn á wú, kò sì ní lè mí dáadáa. Bí ọlọ́pàá bá ti dá ọkọ̀ dúró, àwọn tó ṣubú ni kí àwọn tó wá gbà wọ́n sílẹ̀ kọ́kọ́ dá lóhùn: kí wọ́n tú okùn ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n yí wọn lé àyà, kí wọ́n fi àpò koríko tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi díẹ̀díẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà koríko gbígbẹ. Kí wọ́n má ṣe da ọkà fún ẹran tí ebi ti pa fún ọjọ́ méjì: á kan nínú rẹ̀, ó sì lè pa á.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ilé ẹjọ́ fi ń dá màlúù padà fún onífàyàwọ́?

Ìdáhùn: Òfin ìwà ìkà sí ẹranko ti 1960 kò lágbára tó: owó ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ rúpì 10 sí 50. Àmọ́ ẹ̀rí tó mẹ́hẹ náà ń ba ẹjọ́ jẹ́. Wọ́n á ya fọ́tò ọkọ̀ lápapọ̀, wọn ò ní ya màlúù lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwo, àwọ̀, ọgbẹ́ àti nọ́ńbà oní díjíìtì 12 tó wà lára àmì etí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹran náà gan-an ni kí dókítà ẹranko fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò wọn, nítorí ọgbẹ́ ń jinná.

Ìlànà 2017 jẹ́ kí ẹran wà ní gaushala, ilé ìtọ́jú màlúù, títí ẹjọ́ á fi parí, kí olówó ọkọ̀ àti ẹni tó fi ẹran ránṣẹ́ sì jọ san owó ìtọ́jú. Màlúù oní kílò 300 ń jẹ nǹkan bíi kílò 6 sí 7 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Láìsí rìsíìtì ojoojúmọ́, owó yẹn á ṣòro gbà.

Ìbéèrè: Ṣé wọn kì í pa màlúù rárá níbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wọ́n ń pa á ní ìpínlẹ̀ bíi Kerala, òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ṣùgbọ́n odò ẹran tó ní ìwé àṣẹ nìkan ni. Ìlànà 2001 kò gba kí wọ́n pa aboyún, tàbí èyí tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ẹran gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí 24, dókítà kan kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ wọ́n wò ju 12 lọ ní wákàtí kan.